Ijó Ojú Dígí Tí Odile Kọ́ Léa

Odile ní kí a má fi orúkọ òun pamọ́. Ó ní ẹni tó bá ṣe irú ohun tí òun ṣe, tó tún wá sá sẹ́yìn orúkọ ẹlòmíràn, ó ti hu ìwà náà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni a ṣe sọ ọ́ yìí. Ibi tó bá ti korò, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a má fi oyin sí i.

Aránṣọ ni Odile nílùú Ìdáàṣà, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò tíì lọ́kọ. Ìsọ̀ rẹ̀ wà níwájú ilé bàbá rẹ̀, ní ẹsẹ̀ òkè. Yàrá kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ náà, ibẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ eré ijó rẹ̀ sí.

Brice, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, ló bá a ra ẹ̀rọ náà ní àlòkù ní Kútọnù. Ojú tẹlifíṣọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹní rọ́bà méjì bá a wá, a ya ọfà mẹ́rin sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: òsì, ọ̀tún, iwájú, ẹ̀yìn. Bí orin bá ti ń lọ, àwọn ọfà á máa gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n, ìwọ náà á máa fi ẹsẹ̀ tẹ èyí tó bá wọn mu lórí ẹní. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lásìkò, ẹ̀rọ á dún gbin-in, á fún ọ ní máàkì.

Ìpele márùn-ún ló ní, láti ti olùbẹ̀rẹ̀, níbi tí ọfà ti ń rìn bí aláboyún, títí dé ti ọ̀gá, níbi tí wọ́n ti ń tú jáde bí eṣú. Ọ̀nà tí a ń gbà jó o náà pọ̀. Ọ̀nà ìdánrawò wà, tí àṣìṣe kì í pani lára. Ọ̀nà ẹni méjì wà, tí wọ́n á gbé máàkì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó le jù ni ọ̀nà ìdíje. Níbẹ̀, ọ̀pá pupa kan á máa kúrú bí o bá ti ń ṣì í. Tó bá tán pẹ́nrẹ́n, orin á dá, àwọn èrò inú ẹ̀rọ á sì figbe ta: "Húù."

Odile mọ̀ ọ́n jó. Ní gbogbo àdúgbò, òun nìkan ló ń jó dé ìpele ọ̀gá. Àwọn tó wá gba aṣọ a máa dúró wò ó, wọ́n á gbàgbé aṣọ tí wọ́n wá gbà. Ó fẹ́ràn èyí ju kí wọ́n yin ìránṣọ rẹ̀ lọ.

Léa ló wá bá a nílé.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Léa. Chantal, àbúrò ìyá Odile, ló bí i, òun ló sì mú un wá láti Lèma. Láti kékeré ni ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó ń rí ènìyàn, ó ń rí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ohun kékeré àti ohun tó bá ń sáré a máa dàpọ̀ mọ́ra lójú rẹ̀ bí omi ọṣẹ. Ilé ìwé ti sú u, nítorí kò rí ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó. Chantal ní bóyá ó lè kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Odile.

"Mo fi ọ́ ṣe ojú fún un," ló sọ kó tó padà sílé.

Léa kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó ń gbálẹ̀, ó ń lọ aṣọ, ó ń pọn omi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí iṣẹ́, Odile fà á sórí ẹní ijó kí òun lè fi rẹ́rìn-ín. Ó fi í sí ìpele olùbẹ̀rẹ̀, ó ń pe ọfà fún un: òsì, òsì, ọ̀tún, iwájú. Léa ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ gbígbóná. Nígbà tí wọ́n jó o lẹ́ẹ̀kẹta, Odile dákẹ́, kò pè é mọ́. Ọmọbìnrin náà ń bá a lọ, kò ṣi ẹyọ kan. Ó ti di ojú rẹ̀ méjèèjì.

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí a bá ti pe orin kan fún un tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbà á, kò sì ní gbàgbé mọ́. Bí ọfà bá wá yára bí i mànàmáná, kò kàn án, nítorí kì í wò wọ́n.

Inú Odile dùn sí i nígbà náà. Ó ní òótọ́ ni, ó dùn, kí a kọ èyí náà síbẹ̀.

Oṣù mẹ́fà kò pé tí àwọn méjèèjì fi ń jó ọ̀nà ẹni méjì níwájú àlejò. Hàlímọ̀tù, tó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn, a máa kó àwọn oníbàárà rẹ̀ wá wòran. Lọ́jọ́ kan, Odile ní mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n gbé ti Léa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

Hàlímọ̀tù ní ó mà ṣe, ọ̀gá ti di ọmọṣẹ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Odile náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, gbogbo aṣọ tí Léa lọ̀ ló ní kò tẹ́, ó ní kó tún wọn lọ̀ látòkè délẹ̀.

Ní oṣù keje, Bienvenu dé. Ọmọ Ìdáàṣà ni, ó ní ilé ìdárayá kan ní Kútọnù. Ó ń wá ẹnì kan tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọdé níjó níbẹ̀, tí yóò máa gbé níbẹ̀, tí yóò máa jẹun níbẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ṣojúsàájú, ẹ̀rọ ni yóò yan ẹni náà, nítorí ẹ̀rọ kì í gba ẹ̀bùn, kì í sì í mọ ẹbí.

Fún Odile, Kútọnù ni yóò gbé e kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Fún Léa, iṣẹ́ kan ṣoṣo lábẹ́ ọ̀run tí kò béèrè ojú nìyẹn.

Bienvenu wo gbogbo àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ náà, ó ṣẹ́ ẹni mẹ́ta kù: Odile, Léa, àti Gédéon tó ń tún alùpùpù ṣe. Ó wá wò wọ́n jó nínú yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀. Nígbà tí Odile jó tán, ó ní ó kú iṣẹ́. Nígbà tí Léa jó tán, ó dìde dúró.

"Ẹsẹ̀ ọmọ yìí kì í bi ojú léèrè," ló wí níkẹyìn.

Odile ní òun lè gba kí ẹ̀rọ fún Léa ní máàkì ju òun lọ. Ohun tí òun kò lè gbà ni "o kú iṣẹ́" yẹn.

Bienvenu ṣàlàyé bí ìdíje yóò ti rí. Orin kẹrìnlá ni wọn yóò jó, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò jó rí, ní ìpele ọ̀gá, ní ọ̀nà ìdíje. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fún wọn, títí di Sátidé tó tẹ̀lé ìrìn àjò mímọ́ sí ihò àpáta Màríà ní Arigbo, nígbà tí àwọn àlejò bá ti túká. Ẹ̀rọ Odile ni wọn yóò gbé lọ sí ilé àwọn ọ̀dọ́. Olúkúlùkù ló ní orúkọ tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ohun tí a bá yàn sábẹ́ orúkọ náà ni ẹ̀rọ yóò máa lò fún un, ṣùgbọ́n Bienvenu ní kò sí ẹni tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ jó lọ́jọ́ náà. Orúkọ àlejò ni wọn yóò lò, bí ẹ̀rọ ti rí gan-an, láìsí àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú gbogbo èèyàn. Odile nìkan ló gbé e lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, Léa lọ pọn omi. Odile jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń wo ibi tí a ti ń tún nǹkan ṣe. Ó rí ọ̀rọ̀ Faransé kan níbẹ̀ tí kò tẹ̀ rí: Miroir. Dígí. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì bọ́ sórí ẹní láti mọ ohun tó jẹ́. Bí ènìyàn ti ń rí ara rẹ̀ nínú dígí ni gbogbo ijó náà rí: ohun tó yẹ kó wà lọ́tùn-ún ti bọ́ sí òsì, tòsì ti bọ́ sí ọ̀tún. Orin tó ti mọ̀ bí ẹni mọ owó, kò jó o dé ìdajì tí ọ̀pá pupa fi tán.

Ó jókòó sílẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Ó ní kò sí ẹ̀mí èṣù kankan tó bá òun sọ̀rọ̀. Ọpọlọ òun ló ń ṣiṣẹ́ geere. Ẹni tó ń fi ojú ka ọfà lè kọ́ ọ báyìí lónìí, kó sì yí i padà lọ́la. Ẹni tó ń há a sẹ́sẹ̀ kò lè yí i padà. Ohun tó bá kọ́kọ́ wọlé ni yóò máa bá a gbé.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ kan péré ni, kí òun kàn wò ó. Ó ṣí orúkọ Léa nínú ẹ̀rọ, ó yan Miroir fún un, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Léa wọlé, ó sọ omi kalẹ̀, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Odile ṣí orin kẹrìnlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà bá balẹ̀ sórí irọ́, ẹ̀rọ á dún gbin-in, á jẹ́rìí sí i. Ojú rẹ̀ ń tàn. Lọ́jọ́ kẹta, Odile kò pè é mọ́.

"Tàǹtí, orin yìí ń fi òsì bẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan," ni Léa wí. Tàǹtí ló ń pe Odile nítorí ọjọ́ orí.

Odile ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, Gédéon wá dánra wò, nítorí kò sí ẹ̀rọ mìíràn nílùú. Léa ń lọ aṣọ ní ìsọ̀. Nígbà tí Gédéon lọ tán, Léa ní nǹkan kan ń ṣe òun ní kàyéfì. Ó ní ọfà ọ̀tún wà nítòsí ògiri, dídún rẹ̀ yàtọ̀ létí òun, òun sì gbọ́ pé gbogbo ibi tí òun ń tẹ òsì, ibẹ̀ gan-an ni Gédéon ń tẹ ọ̀tún.

Odile fi ẹ̀rín bò ó. Ó bi í pé ṣé ọ̀dọ̀ Gédéon, tó ń jó bí ọ̀pọ̀lọ́, ni yóò ti lọ kọ́ ijó. Léa tọrọ àforíjì. Nígbà tí Gédéon tún dé, Odile sọ fún un pé ẹ̀rọ ń gbóná jù, kó lọ sinmi.

Chantal wá láti Lèma, ó ru iṣu wá. Léa jó fún un, ìyá náà jókòó sórí àpótí, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Kó tó lọ, ó gbé ọwọ́ lé Odile lórí, ó gbàdúrà fún un.

"Ohun tí o ṣe fún ọmọ mi yìí, Ọlọ́run yóò ṣe é fún ìwọ náà."

Odile ní àmín. Ó ní nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ti ẹnu òun jáde láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, àmín yẹn ni òun ì bá gbé mì.

Odile lè jẹ́wọ́ ní ìgbà náà, ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ó lè jẹ́wọ́ nígbà tó ku márùn-ún. Nígbà tí Léa ti Arigbo dé, ó ní òun tan àbẹ́là méjì níwájú Màríà, ọ̀kan fún ara òun, ọ̀kan fún Tàǹtí. Ó ní òun sọ fún Ìyá Mímọ́ pé bí iṣẹ́ náà kò bá ní í jẹ́ ti òun, kó jẹ́ ti Tàǹtí Odile. Odile ní kó lọ bá òun gbé aṣọ tó wà lórí okùn wọlé.

Ọjọ́ pé. Ilé àwọn ọ̀dọ́ kún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan sórí tábìlì kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Gédéon ló kọ́kọ́ jó. Ó là á já, ṣùgbọ́n ọ̀kanlélọ́gọ́ta péré ló rí gbà.

Wọ́n pe Léa. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí Odile rán fún un. Odile fa ọwọ́ rẹ̀ lọ dé orí ẹní, ó fi í síbẹ̀, ó sì kúrò.

Orin bẹ̀rẹ̀. Léa di ojú, ó gbé ẹsẹ̀ òsì. Ẹ̀rọ kò dún. Ó tún gbé e. Kò dún. Ojú rẹ̀ là, ó ń wá nǹkan kan níwájú, ṣùgbọ́n ìpele ọ̀gá ni, àwọn ọfà ń dà kọjá bí òjò. Ọfà ń lọ sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sósì, ó sì ń jó náà dáadáa, ó ń jó o láìṣì, ohun tó mú kó burú nìyẹn. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé ó ń dápàárá ni. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní ta ló fa afọ́jú wá síbi ijó.

Ọ̀pá pupa tán. Orin dá. "Húù," ni ẹ̀rọ wí, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Húù." Léa fẹ́ yára bọ́ sílẹ̀, ẹní kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ṣubú lórí orúnkún méjèèjì. Ẹ̀rín tún dìde.

Odile náà rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ẹ̀rín ara òun láàárín ti àwọn ènìyàn, ó sì ròkè ju tiwọn lọ.

Òun ló kàn. Ó jó, ó gba méjìdínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ti ń wo ara rẹ̀ ní Kútọnù.

Bienvenu kò pàtẹ́wọ́. Ó ní òun rí ọmọbìnrin yẹn jó pẹ̀lú ojú òun méjèèjì, òun sì fẹ́ mọ iye tó ń gbà nílé lórí orin yìí. Odile yára ní ẹ̀rọ kì í tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gédéon ni ìdarí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ṣí orúkọ Léa.

Gbogbo rẹ̀ tò sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Orin kẹrìnlá, ìpele ọ̀gá, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Orin kẹrìnlá, ìpele ọ̀gá, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí. Odile kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bienvenu kà á sókè. "Miroir. Miroir. Miroir." Ó kà á títí ó fi dé ogún, ó sì dúró.

Ó bi Léa pé ta ló ń yan ọ̀nà fún un nílé. Léa ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. Ó ní Tàǹtí òun ni, òun kò lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé kí ni wọ́n ń pè ní Miroir. Bienvenu ṣàlàyé fún un, ó rọra sọ ọ́.

"Tàǹtí, ṣé ẹ mọ̀?"

Odile ní bí òun bá sọ òótọ́ níbẹ̀, bóyá ìtìjú nìkan ni ìyà òun ì bá mọ. Ohun tí òun sọ nìyí:

"Ó ní láti jẹ́ ìwọ lo tẹ̀ ẹ́. Ṣé o ríran ni?"

Hàlímọ̀tù dìde láàárín èrò. Kò pariwo. Ó ní Odile ti sọ fún òun láìmọye ìgbà pé ọmọ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ yìí pàápàá. Ó jókòó padà. Kò sí ẹni tó wo Odile lójú mọ́.

Bienvenu fa Léa dìde. Ó ní òun yóò fi ẹ̀rọ sí Miroir, kó jó bó ṣe kọ́ ọ, máàkì yẹn ni òun yóò kà. Gbogbo ènìyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ wọlé, gbin-in. Èkejì wọlé, ẹ̀kẹta wọlé. Ó jó o dé ibi tí orin ti ń yí, kò ṣi ọ̀kan, ó sì dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò mọ ibi tí yóò sọ ọ́ sí. Bienvenu ní kó máa lọ, pé ó tọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà.

"Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́," ni Léa wí.

Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ọ̀pá pupa fi tán. "Húù," ni ẹ̀rọ wí. Lọ́tẹ̀ yìí, òun nìkan ló wí i.

Gédéon ni wọ́n mú lọ sí Kútọnù pẹ̀lú ọ̀kanlélọ́gọ́ta rẹ̀. Títí di òní ló ń kọ́ àwọn ọmọdé níjó níbẹ̀.

Chantal wá kó ẹrù ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kò bú Odile, kò sì kí i. Odile kúnlẹ̀, ìyá náà ń rìn yí i ká bí ẹni pé àga ni, ó ń ká aṣọ Léa sínú báàgì.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán nílùú. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó bá ń kọjá á máa pe Odile ní Miroir. Obìnrin kan wá gba bùbá rẹ̀, ó tú u wò lójú gbogbo ènìyàn, ó ní òun ń wò ó bóyá apá òsì wà lọ́tùn-ún. Àwọn aṣọ tí wọ́n kó wá ń dín kù, nígbà tó yá, wọn kò kó o wá mọ́. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Paouignan báyìí, létí títì, ó ń lẹ aṣọ fún àwọn èrò ọkọ̀ tó ń lọ sókè.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó di ẹ̀rọ ijó náà sínú páálí, ó gbé e sórí alùpùpù ọlọ́kadà kan, ó lọ sí Lèma. Ó bá Léa lábẹ́ igi, ó ń fi ọwọ́ ṣa ẹ̀pà. Léa dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó bu omi fún un bí ó ti yẹ.

Odile sunkún, ó bẹ̀ ẹ́. Léa ní òun ti dárí jì í, ó ti pẹ́. Ó sọ ọ́ gbẹrẹfu, bí ẹni tó ń sọ pé oúnjẹ kù níkòkò. Odile ní òun gbé ẹ̀rọ náà wá fún un, kó máa jẹ́ tirẹ̀ títí láé, òun yóò máa wá pe orin fún un ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Léa ti padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀.

"Ẹ máa gbé e lọ, Tàǹtí," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ nílò ohun tí yóò máa sọ fún yín pé ẹ ṣe é dáadáa."

Odile dúró díẹ̀, bóyá yóò tún sọ nǹkan mìíràn. Léa ń ṣa ẹ̀pà rẹ̀ lọ. Odile gbé páálí rẹ̀, ó ké sí ọlọ́kadà náà, ó sì lọ.